Ìdákẹ́ Méjì Tí Ń Ṣe Aboyún Léṣe



Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí àwa ọmọ Yorùbá kì í ti í fi í ṣe ìwà hù. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn obìnrin tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, tí ìtọ̀ sì ń ta á bí ata. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ a máa dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. A dákẹ́ nípa oyún, nítorí pé oyún náà kò tí ì yọ. A sì dákẹ́ nípa ìtọ̀, nítorí pé ojú ń tì í. Láàárín ìdákẹ́ méjèèjì yìí ni yóò ti lọ ra oògùn ní ọjà, lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé ó lóyún, tí kò sì mọ ohun tí ń ṣe é ní ti òtítọ́. Èrò mi ni pé ìdákẹ́ méjèèjì yìí ní ń ṣe aboyún léṣe ju àrùn náà fúnra rẹ̀ lọ, nítorí pé àrùn náà ní oògùn. Mo sì gbà pé àwa tí a fẹ́ di olùkọ́ ní iṣẹ́ láti ṣe nínú rẹ̀.

Ìlú Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àárín àwọn ará wa tí ń ṣòwò níbẹ̀ ni mo gbé dàgbà kí n tó wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí. Kí Niger tó gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ní ọdún 1960 ni àwọn oníṣòwò Yorùbá ti wà ní ilẹ̀ náà. Títí di òní, ẹni tí ó bá rìn wọ ọjà ńlá tí wọ́n ń pè ní Grand Marché yóò gbọ́ èdè wa létí. Obìnrin wa níbẹ̀ ń tajà, ó ń tọ́mọ, ó sì ti kọ́ èdè Hausa àti Zarma tó èyí tí ó fi ń ná ọjà. Ṣùgbọ́n èdè tí ó tó fi ná ọjà kò tó fi ṣàlàyé ìrora abẹ́ aṣọ fún nọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ tí ì bá fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wà ní ilé lọ́hùn-ún. Nítorí náà, ohun tí ó jẹ́ ìnira fún obìnrin ní Ìbàdàn tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ di ìnira méjì fún un ní Niamey.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àrùn tí à ń wí. Inú kíndìnrín méjèèjì ni ìtọ̀ ti ń ṣàn wá sínú àpò ìtọ̀, láti ibẹ̀ ni ó sì ti ń jáde. Ọ̀nà tí ó fi ń jáde yìí kúrú púpọ̀ lára obìnrin, kò sì jìnnà sí ihò ìdí. Àwọn kòkòrò kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń gbé inú ìfun gbogbo ènìyàn láìṣe ibi kankan níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí a máa rìn wọ ọ̀nà ìtọ̀. Bí obìnrin bá lóyún, àwọn omi ara tí ń mú oyún dúró a máa dẹ òpó tí ìtọ̀ ń gbà, ilé ọmọ náà a sì máa tẹ̀ ẹ́ bí ó ti ń tóbi. Ìtọ̀ kò ní lè ṣàn geere mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ibi tí omi bá ti dá rogún, kòkòrò kì í pẹ́ pọ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ó tún ṣòro ni pé àrùn náà lè wà láìsí ìrora rárá. Nínú 100 aboyún, ó tó 2 sí 10 tí kòkòrò wà nínú ìtọ̀ wọn tí wọn kò sì mọ̀. Edward Kass, dókítà ará Amẹ́ríkà tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Boston, wà lára àwọn tí ó la ojú ayé sí ọ̀ràn yìí ní nǹkan bí ọdún 1956 sí 1962. Nínú àwọn ìwádìí ìgbà náà, bí a kò bá tọ́jú irú àwọn aboyún bẹ́ẹ̀, ó tó 20 sí 40 nínú 100 wọn tí àrùn náà gòkè lọ bá ní kíndìnrín. Nígbà tí ó bá di ti kíndìnrín, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré. Ara á gbóná janjan, òtútù á mú obìnrin náà gbọ̀n, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn á máa ro ó, èébì kò sì ní jẹ́ kí ó jẹun. Ó lè bímọ láìpé oṣù, àrùn náà sì lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó gba ẹ̀mí rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa àti ní Niger, bí ara aboyún bá ti gbóná, ibà ẹ̀fọn ni gbogbo ènìyàn máa ń pè é. A ó fún un ní oògùn ibà, a ó sì máa retí pé kí ara rẹ̀ yá, nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ ń jóná lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yẹ ìdákẹ́ kìíní wò, èyí tí ó jẹ́ ti ìtọ̀.

Bí obìnrin Yorùbá bá sọ pé ìtọ̀ ń ta òun, orúkọ kan ṣoṣo ni ó máa ń jáde lẹ́nu àwọn tí ó gbọ́: àtọ̀sí. Gbogbo wa ni a sì mọ ohun tí a fi orúkọ yìí pè. Àrùn tí ọkùnrin ń kó láti ara obìnrin, tí obìnrin sì ń kó láti ara ọkùnrin ni. Ẹni tí ó bá ní in ti di oníṣekúṣe lójú ará ilé. Aboyún tí ó bá jẹ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò bi í pé níbo ni ó ti rí i. Àwọn mìíràn yóò tilẹ̀ máa bi ara wọn pé ta ni ó ni oyún inú rẹ̀. Ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Ó sàn fún un kí ó mú ìrora náà mọ́ra.

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà kò tọ̀nà. Ní ọdún 1879 ni Albert Neisser, dókítà ará Jámánì, rí kòkòrò tí ó ń fa àtọ̀sí gan-an. Ọdún 6 lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1885, ni Theodor Escherich, tí òun náà jẹ́ ará Jámánì, kọ̀wé nípa kòkòrò mìíràn pátápátá, èyí tí ó rí nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ ọwọ́. Kòkòrò kejì yìí, tí a fi orúkọ Escherich pè, ni ó sábà máa ń fa àrùn ìtọ̀ lára aboyún. Inú ìfun tirẹ̀ ni ó ti wá. Kò jí i lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbé e fún un. Wúńdíá lè ní in, ìyá àgbà lè ní in, ọmọ kékeré pàápàá lè ní in.

Ẹ tún wo ẹ̀kẹta. Ní etí odò ńlá tí Niamey wà lẹ́bàá rẹ̀, àti ní àwọn oko ìrẹsì tí à ń fi omi odò náà bomi rin, àrùn kan wà tí ó ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Aràn tíńtín kan tí ó ń gba awọ ara wọlé nígbà tí ènìyàn bá wọ omi ni ó ń fà á. Theodor Bilharz ni ó kọ́kọ́ rí aràn náà ní ìlú Cairo ní ọdún 1851. Kí ni àwa Yorùbá ń pe àrùn yìí? Àtọ̀sí ajá ni! Àrùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rèé, tí oògùn wọn kò papọ̀, tí à ń fi orúkọ ìtìjú kan ṣoṣo pè. Oògùn ti aràn náà pàápàá, tí à ń pè ní praziquantel, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fún aboyún lẹ́yìn tí oyún bá ti kọjá oṣù kẹta. Bí orúkọ bá ti da gbogbo wọn pọ̀, báwo ni oògùn kò ṣe ní dàrú?

Mo gbà pé àtọ̀sí gan-an lè bá aboyún, mo sì gbà pé ó lè ba ojú ọmọ jẹ́ nígbà ìbí. Ìdí mìíràn rèé tí ó fi yẹ kí a yẹ ìtọ̀ wò. Àyẹ̀wò ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́, bí ó bá sì jẹ́ àtọ̀sí, kí a tọ́jú tọkọtaya papọ̀. Ṣùgbọ́n kí a má dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ ẹ̀rí.

Ìdákẹ́ kejì ni ti oyún. Àṣà wa ni pé a kì í pariwo oyún tuntun. Èmi kò bú àṣà yìí. Àwọn ìyá wa rí i pé ọ̀pọ̀ oyún a máa bàjẹ́ kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, wọn kò sì fẹ́ kí a yọ ayọ̀ tí yóò di ẹkún. Wọ́n tún bẹ̀rù ojú burúkú. Àwọn ará Niger tí a ń bá gbé náà kì í yára kéde oyún. Kí a má kéde fún aládùúgbò, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a fi pamọ́ fún ẹni tí yóò fún wa ní oògùn, ewu ni, nítorí pé oṣù mẹ́ta tí à ń fi pamọ́ yìí gan-an ni oògùn búburú lè ṣe ọmọ ní ibi jù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí oyún bá ti dúró ní ọjọ́ 28 péré, ihò tí yóò di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti pa dé tán. Ọ̀pọ̀ obìnrin kò tí ì mọ̀ nígbà náà pé àwọn lóyún. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọkàn, apá, ẹsẹ̀, ojú àti etí ti wà ní ààyè wọn. Amọ̀kòkò mọ̀ pé ìgbà tí amọ̀ ṣì rọ̀ ni ìka lè ba ìkòkò jẹ́. Gbogbo ayé kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú omijé. Ní ọdún 1957, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn kan ní ilẹ̀ Jámánì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ thalidomide. Àwọn aboyún lò ó fún èébì òwúrọ̀ àti fún oorun, wọ́n sì ní kò léwu. Kí wọ́n tó gbà á kúrò lórí àtẹ ní ìparí ọdún 1961, ó ju 10,000 ọmọ lọ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ tí a bí pẹ̀lú apá tàbí ẹsẹ̀ tí kò pé. Àwọn ìyá tí ó lò ó ní oṣù méjì àkọ́kọ́ ni ibi náà bá jù. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí dókítà gbé ń kọ oògùn sínú ìwé, kí ni kí a sọ nípa oògùn tí à ń rà lórí igbá?

Ní Niamey, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, a ń ta oògùn lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ àti lórí igbá tí à ń rù kiri. Èdè Faransé tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ni *pharmacie par terre*, èyíinì ni ilé oògùn orí ilẹ̀. Oòrùn ilẹ̀ náà, tí ó máa ń mú ju 40 lọ lórí òṣùwọ̀n ooru ní oṣù kẹrin, ni oògùn náà ń yá láti àárọ̀ di alẹ́. Òmíràn ti lọ́jọ́ lórí, òmíràn sì jẹ́ ayédèrú. Obìnrin náà yóò dé ibẹ̀, yóò ní, "Ẹ fún mi ní ti ìtọ̀." Kò ní sọ pé òun lóyún. Olóògùn kò ní bi í. Yóò ka kápúsù mẹ́rin fún un, nítorí pé owó mẹ́rin ni ó mú wá.

Kí ni ó lè wà nínú ohun tí ó kà fún un? Ó lè jẹ́ Septrin. Septrin a máa dí èròjà kan lọ́wọ́, èyí tí à ń pè ní folate, tí ọmọ inú nílò láti fi kọ́ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn dókítà kì í fi í fún aboyún ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ bí òmíràn bá wà. Wọn kì í sì fẹ́ ẹ nígbà tí ìbí bá kù sí dẹ̀dẹ̀, nítorí pé ó lè mú kí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ọmọ tuntun le dé ọpọlọ. Ó lè jẹ́ tetracycline, èyí tí ó máa ń wọ inú egungun àti eyín ọmọ láti nǹkan bí oṣù kẹrin lọ, tí eyín ọmọ náà yóò sì hù ní àwọ̀ ilẹ̀. Ó lè jẹ́ ciprofloxacin, tí a rí i pé ó ń ba kerekere oríkèé àwọn ọmọ ẹranko jẹ́, tí àwọn dókítà kò sì fẹ́ fi dán aboyún wò nígbà tí ohun tí ó sàn jù ú wà. Bí ó bá sì jẹ́ abẹ́rẹ́ streptomycin ni wọ́n gún un, èyí lè di etí ọmọ inú.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé mo ń wí pé kí aboyún má lo oògùn. Òdì kejì rẹ̀ ni mo ń wí. Àìlo oògùn léwu ju oògùn tí a yàn dáadáa lọ. Oògùn tí ó rọ ọmọ inú lọ́rùn wà: amoxicillin wà, cefalexin wà, fosfomycin sì wà, èyí tí à ń pò mọ́ omi mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nitrofurantoin náà dára ní àárín oyún, ṣùgbọ́n a kì í lò ó nígbà tí ìbí bá sún mọ́, a kì í sì fi fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ní àbùkù kan tí à ń pè ní G6PD, èyí tí ó wọ́pọ̀ láàárín ènìyàn dúdú. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ sì nìyí, dókítà ni yóò pinnu bí kò bá sí òmíràn. Ẹ̀yin náà rí i pé ìmọ̀ ni ó wà nínú yíyàn yìí. Amoxicillin kò ṣe ọmọ ní ibi, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kòkòrò ìtọ̀ ni kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, nítorí pé a ti ń fi kápúsù méjì-méjì kọ́ wọn bí wọn yóò ti ṣe là á já. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ yẹ ìtọ̀ wò kí a tó yan oògùn, bí ààyè bá wà.

Kí ni ìtọ́jú tí ó péye, nígbà náà? Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ ní ọdún 2016. Kí aboyún kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12, kí ó sì máa padà lọ títí yóò fi pé ìgbà 8. Kí a yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ìrora. Bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, kí a fún un ní oògùn fún ọjọ́ 7. Ìtọ̀ tí yóò gbé wá gbọ́dọ̀ mọ́: kí ó fọ ara rẹ̀, kí ó jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dà nù, kí ó gba ti àárín sínú ìgò mímọ́ tí wọ́n fún un. Bí ìrora bá lọ ní ọjọ́ kejì, kí ó má fi oògùn sílẹ̀. Kí ó lò ó tán, kí ó sì padà lọ fún àyẹ̀wò. Bí ara rẹ̀ bá sì gbóná, tí òtútù ń mú un, tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ń ro ó, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Ní Niamey, àwọn ilé ìwòsàn àdúgbò tí à ń pè ní CSI wà fún irú iṣẹ́ yìí, ilé ìgbẹ̀bí ńlá Issaka Gazobi sì wà fún èyí tí ó bá le. Ní ọdún 2006, ìjọba Niger pàṣẹ pé kí àyẹ̀wò aboyún jẹ́ ọ̀fẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ọ̀fẹ́ orí ìwé ni. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn olùwádìí ilé ìwádìí LASDEL ní Niamey ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìjọba a máa pẹ́ kí ó tó san owó àwọn ilé ìwòsàn padà, oògùn a sì máa tán lórí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n bí oògùn tilẹ̀ tán níbẹ̀, ìwé tí nọ́ọ̀sì bá kọ fún obìnrin náà láti lọ rà á ní ilé oògùn tòótọ́ ti sàn ju ìmọ̀ràn olóògùn ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ. Owó tí a fi ra oògùn ọjọ́ 7 kò sì tó owó ibùsùn ilé ìwòsàn nígbà tí kíndìnrín bá ti wọ̀ ọ́.

Àwọn mìíràn yóò ní àgbo ni àwọn ìyá wa lò. Èmi kò kẹ́gàn egbòogi. Ṣùgbọ́n inú ọtí líle ni a ti sábà ń rẹ àgbo àtọ̀sí, ọtí líle kì í sì í ṣe ohun mímu fún ọmọ inú. Àgbo kò sì lè sọ fún wa èyí tí ó wà nínú ìtọ̀ nínú àrùn mẹ́ta tí mo kà sókè yìí.

Àwọn ẹlòmíràn yóò ní, "Bí mo bá dé ilé, n óò tọ́jú ara mi." Ọ̀nà ilé jìn, kì í sì í ṣe ìgbà gbogbo ni ó ń ṣí. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba Niger ní oṣù keje ọdún 2023, a ti ẹnu ibodè pa, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì lè lọ, wọn kò lè bọ̀ fún oṣù púpọ̀. Oyún kò dúró de ibodè. Bí ibodè tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í dúró de ẹni tí ń pa ẹrù mọ́.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti àwọn tí ó ní èdè ni kò jẹ́ kí àwọn lọ. Gbólóhùn méjì péré ni obìnrin náà nílò. Ní èdè Hausa, kí ó wí pé: *Ina da juna biyu. Idan na yi fitsari, ina jin zafi.* Ní èdè Faransé: *Je suis enceinte. Ça me brûle quand j'urine.* Ìtumọ̀ méjèèjì ni pé, mo lóyún, bí mo bá sì ń tọ̀, ó ń ta mí. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí àwọn Hausa fi ń pe oyún nínú gbólóhùn yìí, *juna biyu*, ara méjì ni. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni! Ẹni tí ó bá ń fún aboyún ní oògùn, ara méjì ni ó ń fún. Ó yẹ kí ó mọ̀.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan fún obìnrin tí ó ti lo irú oògùn wọ̀nyí kí ó tó mọ̀ pé òun lóyún. Kí ó má ṣe banú jẹ́, kí ó má sì ṣe ohun kankan sí oyún náà. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ń bí ní pípé. Ohun tí ó yẹ ni kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì orúkọ oògùn náà, kí ó mú páálí rẹ̀ dání bí ó bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ti máa ṣọ́ ọmọ náà.

Níbo wá ni iṣẹ́ àwa olùkọ́ wà? Ẹnìkan lè wí pé ìṣirò àti ìwé kíkà ni ó kàn wá, pé ọ̀rọ̀ ìtọ̀ kò yẹ lẹ́nu olùkọ́. Èmi rò bẹ́ẹ̀ kọ́. Orúkọ ni ìdákẹ́ kìíní fi bẹ̀rẹ̀, ta ni ó sì ń kọ́ ènìyàn ní orúkọ nǹkan bí kò ṣe olùkọ́? Mo dábàá pé kí a máa pe àrùn yìí ní àrùn ilé ìtọ̀ nínú kíláàsì wa, kí a fi orúkọ àtọ̀sí sílẹ̀ fún èyí tí ó ni ín. Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àgbà nípa ara ènìyàn, kí a má fo ojú ìwé tí ó wà fún kíndìnrín àti àpò ìtọ̀. Kí a kọ́ àwọn ọmọkùnrin pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ni yóò di ọkọ tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lálẹ́, tí yóò sì dáhùn pẹ̀lú ìbínú tàbí pẹ̀lú owó ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ kan tí a bá kọ́ yóò kà á fún ìyá rẹ̀ nílé. Àwọn tí Ọlọ́run bá sì gbé lọ sí ìlú òkèèrè láàárín wa, kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, dé mọ́sálásí àti dé ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn ìyá tí ó gbọ́ Faransé yọ̀ǹda ara wọn láti bá aboyún tí kò gbọ́ ọ lọ fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àrùn tí ìgò ìtọ̀ kan àti oògùn ọjọ́ 7 lè lé lọ kò yẹ kí ó máa gba ìyá tàbí ọmọ lọ́wọ́ wa nítorí ojú tì. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa oyún mọ́ fún aládùúgbò, kí ó pa á mọ́. Ṣùgbọ́n kí ó sọ fún ọkọ rẹ̀, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì, kí ó sì sọ fún ẹnikẹ́ni tí yóò na oògùn sí i. Bí a bá ṣe èyí, àdúrà tí à ń gbà fún aboyún pé kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ, a ó ti bá a fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀.